Kànga Ẹ̀bá Ilé-Epo Àtijọ́: Bí A Ṣe Ń Mọ Ipò Tí Omi Abẹ́ Ilẹ̀ Wà

Nínú ìwé yìí a máa ń bá yín sọ̀rọ̀ nípa irúgbìn, nípa ajílẹ̀ àti nípa kòkòrò tí ń ba ọ̀gbìn jẹ́. Lónìí, ọ̀rọ̀ omi ni a mú wá. Àwọn baba wa sọ pé omi kò ní ọ̀tá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi ní ohun tí ó lè bà á jẹ́, ohun náà sì lè fara pamọ́ sí abẹ́ ilẹ̀ fún ogún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Ní ẹ̀bá ọ̀nà ńlá wa ni ẹ ti máa ń rí ilé-epo tí a ti pa tì. A ti kó ẹ̀rọ ìta-epo lọ, òrùlé ti wó, koríko sì ti bo ilẹ̀. Ẹnì kan a gba ilẹ̀ náà, a gbin ẹ̀fọ́ sí i. Ẹlòmíràn a gbẹ́ kànga sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti máa fi rẹ pákí fún fùfú, tàbí láti máa fa omi sí adágún ẹja. Ṣùgbọ́n táǹkì irin tí a rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀ ńkọ́? Ṣé a ti wú u? Ṣé epo ti tán nínú rẹ̀? Ṣé ó ti jò? Ẹni tí kò bá béèrè àwọn ìbéèrè wọ̀nyí lè máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ohun tí yóò ṣe ilé rẹ̀ ní ibi mu.

BÍ EPO ṢE Ń DÉ INÚ OMI

Irin lásán ni ọ̀pọ̀ táǹkì ilé-epo àtijọ́. Ilẹ̀ tí ó ní ọ̀rinrin a máa jẹ irin. Bí ó bá pẹ́, irin a dípẹtà, ihò kékeré a sì yọ, pàápàá ní ìsàlẹ̀ táǹkì àti ní oríkèé páìpù. Ihò tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ tó láti máa da epo sílẹ̀ lójoojúmọ́ láìsí ariwo. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ihò kékeré yìí ni ẹnu ògiri náà.

Epo tí ó bá jò a kọ́kọ́ máa rin lọ sí ìsàlẹ̀ láàrin iyẹ̀pẹ̀. Díẹ̀ a lẹ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀, díẹ̀ a di afẹ́fẹ́, èyí tí ó kù a sì dé orí omi abẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí ó bá dé ibẹ̀ kò lè rì, nítorí pé bẹntiróòlù fúyẹ́ ju omi lọ: lítà omi kan wọn kílógíráàmù 1, lítà bẹntiróòlù kan kò sì ju nǹkan bí kílógíráàmù 0.75 lọ. Nítorí náà yóò léfòó, yóò sì tẹ́ sórí omi bí ẹní.

Ẹ má ṣe rò pé epo tí ó léfòó yìí nìkan ni ewu. Àwọn èròjà kan wà nínú bẹntiróòlù tí ń yọ́ wọ inú omi, bí iyọ̀ ti ń yọ́ sínú ọbẹ̀, tí ojú kò sì ní rí wọn mọ́. Àwọn tí a ń bẹ̀rù jù ni benzene, toluene, ethylbenzene àti xylene. Omi abẹ́ ilẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ láti ibi tí ojú omi ti ga lọ sí ibi tí ó ti rẹlẹ̀, títí yóò fi yọ sí odò, sí àkùrọ̀ tàbí sí kànga. Bí ó ti ń rìn ni ó ń gbé àwọn èròjà wọ̀nyí lọ, gẹ́gẹ́ bí atẹ́gùn ti ń gbé èéfín láti inú ààrò kan lọ sí ojúde ẹlòmíràn.

Ilẹ̀ wa kò rí bákan náà. Ní ìhà Ìbàdàn, Òṣogbo, Adó-Èkìtì àti Abẹ́òkúta, àpáta líle ni ó wà nísàlẹ̀. Omi wà nínú iyẹ̀pẹ̀ àti òkúta jíjẹrà tí ó bo àpáta náà, ó sì wà nínú ibi tí àpáta ti sán. Epo lè gba inú ibi sísán bẹ́ẹ̀ lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ní ìhà gúúsù Ìjẹ̀bú, ní Òkìtìpupa àti ní Èkó, yanrìn àti amọ̀ ni ó tò léra wọn. Yanrìn a máa jẹ́ kí omi àti epo rìn geere. Amọ̀ a máa dí wọn lọ́nà. Nítorí náà, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú kan kì í ṣe òdiwọ̀n fún òmíràn.

OHUN TÍ Ó TI ṢẸLẸ̀ RÍ

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́. Ní ọdún 2011, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé tí ń rí sí àyíká, UNEP, gbé àbájáde ìwádìí rẹ̀ lórí ilẹ̀ Ogoni ní Ìpínlẹ̀ Rivers jáde. Ní Nisisioken Ogale, níbi tí páìpù epo tí a ti fọ̀ gbà kọjá, wọ́n bá epo tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8 lórí omi abẹ́ ilẹ̀. Nínú kànga tí àwọn ará ibẹ̀ ń mu, benzene ju ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi lélẹ̀ lọ ní ìlọ́po 900 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ènìyàn sì ti ń mu omi náà. Ní Baruwa, ní agbègbè Ipaja ní Ìpínlẹ̀ Èkó, bẹntiróòlù tí ó jò láti inú páìpù ba kànga ọ̀pọ̀ ilé jẹ́ láti àwọn ọdún 1990 wá. Páìpù ni ó jò níbi méjèèjì yìí, kì í ṣe táǹkì. Ṣùgbọ́n irú epo kan náà ni, ìwà kan náà ni ó sì ń hù nínú ilẹ̀.

Ní ti táǹkì gan-an, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1984 ni ìjọba wọn ṣe òfin lórí táǹkì abẹ́ ilẹ̀; ní ọdún 1988 ni wọ́n fi ìlànà rẹ̀ lélẹ̀. Láti ìgbà náà wá, ibi tí wọ́n ti rí i dájú pé táǹkì jò ti ju 500,000 lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ níbi tí òfin ti le, ẹ ó mọ̀ pé kò yẹ kí àwa fi ọwọ́ lẹ́rán.

Ìròyìn ayọ̀ díẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn olùwádìí tí wọ́n wo ọ̀pọ̀ ilé-epo ní California ní ọdún 1995 rí i pé, níbi tí ó pọ̀ jù nínú wọn, benzene kò rìn ju nǹkan bí mítà 80 lọ láti ibi tí ó ti jò. Ìdí ni pé àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, tí ń gbé inú ilẹ̀, a máa jẹ epo náà díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ 80 yìí di òfin. Ibi tí àpáta ti sán, tàbí ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa omi púpọ̀, epo lè rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

IMÚ KÌ Í ṢE ÒṢÙWỌ̀N

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ pé, “Kànga mi kò rùn, nítorí náà ó dára.” Ẹ jẹ́ kí a wò ó. Ìwọ̀n benzene tí WHO fi àyè gbà nínú omi mímu jẹ́ mílígíráàmù 0.01 nínú lítà kan. Ṣùgbọ́n benzene nìkan nínú omi ní láti tó nǹkan bí mílígíráàmù 10 nínú lítà kan kí imú ènìyàn tó gbọ́ òórùn rẹ̀. Èyí jẹ́ ìlọ́po 1,000! Lóòótọ́, àwọn èròjà mìíràn nínú bẹntiróòlù a máa tètè rùn. Nítorí náà, òórùn jẹ́ ẹ̀rí pé kí ẹ dáwọ́ dúró. Àìsí òórùn kì í ṣe ẹ̀rí pé kí ẹ máa mu ún lọ.

Ẹ tún ṣe ìṣirò yìí. Gálọ́ọ̀nù bẹntiróòlù kan jẹ́ nǹkan bí lítà 4.5. Bí benzene bá jẹ́ ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, yóò wọn nǹkan bí gíráàmù 40, èyí ni mílígíráàmù 40,000. Bí gbogbo rẹ̀ bá yọ́ sínú omi, ó tó láti sọ lítà omi mílíọ̀nù 4 di èyí tí ó dé òpin ìwọ̀n tí WHO fi lélẹ̀. Gálọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ni a wí o, bẹ́ẹ̀ ni táǹkì ilé-epo kan lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún gálọ́ọ̀nù.

Ẹni tí ó bá mu omi tí epo pọ̀ nínú rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bì, kí òòyì sì máa kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ó burú jù ni ti ẹni tí ń mu díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Benzene a máa ba mùdùnmúdùn inú egungun jẹ́, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ó sì lè fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Bẹntiróòlù ayé àtijọ́ tún ní òjé nínú, èyí tí ń ba ọpọlọ àwọn ọmọdé jẹ́. Nítorí náà, níbi tí ilé-epo náà bá ti pẹ́, ó yẹ kí a yẹ omi wò fún òjé pẹ̀lú.

ÌWÁDÌÍ TÍ Ẹ̀YIN FÚNRA YÍN LÈ ṢE

Kí ẹ tó ná owó lórí ohunkóhun, iṣẹ́ mẹ́ta wà tí àgbẹ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Èkínní ni ìtàn ilẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà àti lọ́wọ́ onílẹ̀: Ọdún wo ni a ṣí ilé-epo náà? Ọdún wo ni a pa á tì? Táǹkì mélòó ni a rì, níbo sì ni? Ṣé a wú wọn? Ṣé ìgbà kan wà tí epo ń dínkù láìsí ẹni tí ó rà á? Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó nàró nílẹ̀, tàbí ìdérí irin róbótó lórí sìmẹ́ńtì, a máa fi hàn pé táǹkì ṣì wà nísàlẹ̀.

Èkejì ni àwòrán ilẹ̀. Ẹ ya ilé-epo náà sórí ìwé, kí ẹ ya gbogbo kànga, odò, àkùrọ̀ àti adágún ẹja tí ó wà ní àyíká rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jìnnà tó. Ẹ kọ ohun tí a ń fi omi kànga kọ̀ọ̀kan ṣe síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni mímọ ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ kọjú sí. Ẹ yan kànga mẹ́ta tí kò tò sórí ìlà kan. Ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹnikẹ́ni tó fa omi, ẹ fi okùn tí ó mọ́, tí a so nǹkan wíwúwo mọ́, wọn bí omi ti jìn tó láti ẹnu kànga. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà, kí bíríkìlà fi rọ́bà tí ó mọ́ gaara, tí a bu omi kún, wo bí ẹnu àwọn kànga náà ti ga ju ara wọn lọ. Bí kànga bá ń rùn epo, ẹ má ṣe wọ̀n ọ́n. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Kí a pe gíga ẹnu kànga Kìíní ní mítà 10.00. Ẹnu kànga Kejì rẹlẹ̀ sí i ní mítà 0.60, èyí ni 9.40. Ẹnu kànga Kẹta rẹlẹ̀ ní mítà 0.30, èyí ni 9.70. Nígbà tí a wọn omi, Kìíní jìn ní mítà 5.20, Kejì 5.10, Kẹta 5.00. Ẹni tí ó bá wo jíjìn nìkan yóò sọ pé kànga Kìíní ni omi ń lọ, nítorí pé òun ni ó jìn jù. Ṣùgbọ́n ẹ yọ jíjìn kúrò nínú gíga: Kìíní ku 4.80, Kejì ku 4.30, Kẹta ku 4.70. Ojú omi kànga Kejì ni ó rẹlẹ̀ jù. Ìhà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni omi ń rìn lọ. Bí ilé-epo bá wà láàrin Kìíní àti Kejì, kànga Kejì ni ewu dojú kọ.

Ẹ tún wọ̀n ọ́n ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn àti ní ìparí òjò, nítorí pé ọ̀nà omi lè yí padà. Bí ẹnì kan bá sì ń fi ẹ̀rọ fa omi púpọ̀, kànga rẹ̀ lè fa epo wá láti ìhà tí omi kì í gbà tẹ́lẹ̀.

IṢẸ́ ÀWỌN ONÍMỌ̀

Ohun tí ẹ bá ti kọ sílẹ̀ yóò mú iṣẹ́ àwọn onímọ̀ omi abẹ́ ilẹ̀ yá, yóò sì dín owó kù. Wọn yóò lu ihò ìwádìí, ó kéré tán mẹ́ta: ọ̀kan ní òkè ibi tí omi ti ń bọ̀, àwọn yòókù ní ìsàlẹ̀ ibi tí ó ń lọ. Ti òkè ni yóò fi hàn bí omi ti rí kí ó tó dé ilé-epo. Láìsí i, a kò ní mọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Wọn yóò ki páìpù rọ́bà líle tí a ya lójú wẹ́wẹ́ bọ inú ihò náà, wọn yóò fi yanrìn yí i ká, wọn yóò sì fi amọ̀ àti sìmẹ́ńtì dí òkè rẹ̀ kí ọ̀gbàrá má baà wọ̀ ọ́. Wọn yóò kó iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ táǹkì pẹ̀lú.

Bí wọ́n bá fẹ́ bu omi fún àyẹ̀wò, wọn yóò kọ́kọ́ fa omi tí ó ti dúró pẹ́ nínú páìpù dànù. Ìgò gíláàsì ni wọn yóò bu ú sí, wọn yóò sì bù ú kún dẹ́múdẹ́mú kí afẹ́fẹ́ má ṣẹ́ kù sí i, nítorí pé benzene a máa fò lọ. Wọn yóò fi sínú omi dídì, wọn yóò sì tètè gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò. Nítorí náà, omi tí a bu sínú kẹ́ẹ̀gì, tí a gbé sínú oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta, kò lè sọ òtítọ́.

Bí èsì bá dé, ẹ fi wé ìwọ̀n WHO. Nínú lítà omi kan, benzene kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 0.01 lọ, toluene 0.7, ethylbenzene 0.3, xylene 0.5. Àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ojú omi a lọ sílẹ̀, epo a sì tẹ̀ lé e, a máa lẹ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ tí ó gbà kọjá. Nígbà tí òjò bá dé, omi a gòkè padà sínú iyẹ̀pẹ̀ náà, a tún máa fọ epo jáde. Ìdí nìyí tí kànga kan fi lè rùn ní oṣù Kẹta kí ó má sì rùn ní oṣù Kẹwàá.

OHUN TÍ Ẹ KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

Àwọn agbẹ́kànga wa a máa so fìtílà tí a tàn mọ́ okùn, wọn a sọ ọ́ kalẹ̀ láti mọ̀ bí afẹ́fẹ́ inú kànga bá dára. Níbi tí ilé-epo ti wà rí, ẹ má ṣe dán an wò láé! Afẹ́fẹ́ bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ tí a ń mí lọ. Ìsàlẹ̀ kànga ni ó ń kó jọ sí. Bí iná bá kàn án, yóò bú gbàmù. Bí ènìyàn bá sì wọ inú rẹ̀, ó lè dákú kí ó tó ké gbàjarè, ẹni tí ó bá sì wọlé láti yọ ọ́ a máa bá a lọ.

Ẹ má ṣe sọ pé ẹ ó se omi náà. Epo yóò máa fò sínú ilé ìdáná tí ìyá àti ọmọ ti ń mí, iná sì lè gbá a. Òjé kò ní bá ooru lọ. Álọ́ọ̀mù kò lè mú benzene kúrò, oògùn tí a ń dà sí kànga kò lè mú un kúrò, èédú ìdáná lásán kò sì tó.

Ẹ má ṣe gbẹ́ kànga náà jìn sí i ní ìrètí pé omi ìsàlẹ̀ yóò dára. Ẹ lè la ọ̀nà fún epo láti dé omi tí kò tíì bàjẹ́. Ẹ má ṣe bu epo tí ó léfòó tà tàbí lò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wẹ́dà gé táǹkì náà: òfìfo táǹkì tí afẹ́fẹ́ epo kún léwu ju èyí tí ó kún fún epo lọ. Ẹ má sì ṣe ra irú táǹkì bẹ́ẹ̀ láti máa fi tọ́jú omi oko.

Ní ti ọ̀gbìn, ẹ má ṣe fi omi tí ẹ fura sí rẹ pákí, ẹ má ṣe fi bomi rin ewédú àti tẹ̀tẹ̀, ẹ má sì ṣe fà á sí adágún ẹja títí èsì yóò fi dé. Ẹja a máa gba òórùn epo sínú ẹran ara rẹ̀. Oníbàárà tí ó bá tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan kò ní padà wá.

BÍ OMI BÁ TI BÀJẸ́

Bí ẹ bá gbọ́ òórùn epo, tàbí tí ẹ rí àwọ̀ bí òṣùmàrè lórí omi, ẹ dá fífà rẹ̀ dúró, ẹ bo ẹnu kànga, ẹ fi àmì sí i, kí ẹ sì sọ fún aládùúgbò. Ẹ lo omi òjò tàbí omi láti ibi tí ó jìnnà, ní òkè ibi tí omi ti ń bọ̀. Ẹ fi tó àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ àyíká ìpínlẹ̀ yín létí. Ti ìdàsílẹ̀ epo wà lábẹ́ àjọ NOSDRA, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2006. Ti ilé-epo wà lábẹ́ NMDPRA, tí òfin epo rọ̀bì ti ọdún 2021 dá sílẹ̀. Ìwé tí ẹ̀yin aládùúgbò bá jọ kọ, tí àwòrán ilẹ̀ àti ìwọ̀n omi yín wà nínú rẹ̀, yóò wúwo ju ẹjọ́ tí a fi ẹnu rò lọ.

Àtúnṣe wà, ṣùgbọ́n kì í yá. A ní láti gbọ́n epo inú táǹkì tán, kí a wú u tàbí kí a fi yanrìn tàbí sìmẹ́ńtì dí i. A lè kó iyẹ̀pẹ̀ tí ó ti mu epo kúrò, kí a fa epo tí ó léfòó, kí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ilẹ̀, tàbí kí a jẹ́ kí àwọn kòkòrò inú ilẹ̀ ṣe iṣẹ́ wọn nígbà tí a ń yẹ omi wò déédéé. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, kí ẹ tó san owó ilẹ̀, ẹ béèrè ohun tí ó ti wà lórí rẹ̀ rí. Kí ẹ tó gbẹ́ kànga, ẹ mọ ibi tí omi ń gbà. Kí ẹ tó bu omi mu, ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mú ẹkún sun. Bí ohunkóhun bá ṣòro nínú ìwọ̀n tí a ṣe àlàyé rẹ̀ yìí, ẹ mú ìwé yìí lọ bá òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn àgbẹ̀ tí ó wà ní agbègbè yín, kí ẹ sì jọ ṣe é. Oko yín yóò dára, omi yín yóò tòrò, a kò sì ní fi omi sin ara wa o.